Mo gbé Premiere Pro CS6 lọ sórí Windows 11: ohun tí ojú mi rí

Ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ oníbàárà mi wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ó di awo DVD kan mọ́ inú gèlè àtijọ́ bí ẹni di owó àjọ. Fídíò òkú ìyá rẹ̀ ni, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2013. Èmi ni mo yà á, èmi náà ni mo ṣe éditì rẹ̀. Awo ọ̀hún ti họ kọjá ààlà. Ibi tí àwọn ọmọ olóòkú ti ń jó bọ̀ wá sójú agbo gan-an ló máa ń dúró sí, kò ní lọ, kò ní bọ̀.

"Fídíò," ó ní, "ẹ bá mi ṣe òmíràn. Mẹ́ta ni mo fẹ́ o."

Mo ní kò sí wàhálà, Mà. Wàhálà wà.

Gbogbo fútéèjì òde náà, ìyẹn fídíò tí mo yà gan-an, ṣì wà lọ́wọ́ mi, prójẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn fáìlì éditì, náà ò sọnù. Àmọ́ Adobe Premiere Pro CS6 ni mo fi ṣe é, sọ́fítíwíà éditì fídíò tó jáde lọ́dún 2012, orí Windows 7 ló sì wà nígbà náà. Kọ̀ǹpútà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, Windows 11 ló ń lò. Mi ò fẹ́ pààrọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Microsoft dẹ́kun àtúnṣe fún Windows 10 lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 kì í sì í gba ẹ̀rọ tó bá ti dàgbà jù: tó bá jẹ́ Intel, ìran kẹjọ sókè ni wọ́n ń béèrè, pẹ̀lú TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan nínú ẹ̀rọ. Mo bá ra tòkunbọ̀ kan ní Queen Cinema. Core i7 ìran kẹjọ ni, RAM rẹ̀ 16GB, káàdì àwòrán rẹ̀ NVIDIA GTX 1050 Ti, ojú rẹ̀ íǹṣì 15, 4K, irú èyí tí àmì kéékèèké rẹ̀ pọ̀ gan-an. Ẹni tó tà á fún mi fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí sọ́fítíwíà tí kò ní gbé. Ó gbé CS6 lóòótọ́. Bó ṣe gbé e ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ ó bi mí pé kí ló ṣe mí tí mi ò lo Premiere ìsinsìnyí. CS6 ni ìkẹyìn nínú èyí tí èèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan tó sì di tirẹ̀. Láti ọdún 2013 ni Adobe ti sọ ọ́ di ohun tí à ń san owó lé lórí lóṣooṣù. Èmi tí àwọn èèyàn ń jẹ lówó iṣẹ́ títí ìyàwó fi bímọ kejì, owó oṣù wo ni mo fẹ́ máa san? Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Peckham, nílùú London, ló ra tèmi fún mi, páálí rẹ̀ ṣì wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Encore wà nínú rẹ̀, èyí tí a fi ń ṣe awo DVD tó ní mẹ́nù. Lẹ́yìn CS6, kò sí Encore mọ́.

Gbígbé e sórí ẹ̀rọ tuntun kò le. Kí n tó nu kọ̀ǹpútà àtijọ́, mo lọ sí Help, mo tẹ Deactivate, kí nọ́ńbà páálí mi má baà há sínú òkú ẹ̀rọ. Ẹ má gbàgbé èyí o. Bí mo ṣe ṣí i lórí Windows 11 báyìí, ó dìde, àfi bíi pé ó ti ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti CS5 lọ́dún 2010 ni Premiere ti di 64-bit, irú sọ́fítíwíà tí ẹ̀rọ òde òní ń lò, Windows 11 sì ṣì ń gba 32-bit àtijọ́ pàápàá. Àwọn tó wà lórí Mac ni kí ẹ bá kẹ́dùn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Bódìjà fi Final Cut Pro 7, sọ́fítíwíà éditì ti Apple, jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Apple kò tà á mọ́ láti 2011 tí Final Cut Pro X ti dé, nígbà tó sì di macOS High Sierra ọdún 2017, kò ṣí mọ́ rárá. Catalina ọdún 2019 wá ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ohun tó bá jẹ́ 32-bit. Ọ̀rẹ́ mi ní iMac kan nísinsìnyí tí kì í jẹ́ kó fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì, bí ẹni ń ṣọ́ wúńdíá.

Ojú gíláàsì la kọ́kọ́ jọ jà lé lórí. Lọ́dún 2012, ta ló ń ro 4K lórí íǹṣì 15? Lẹ́tà mẹ́nù CS6 kéré bí ẹyin èèrà. Ọmọṣẹ́ mi, tí ojú tirẹ̀ dá ṣáká, fi aṣọ nu ojú ẹ̀rọ kó tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí àmì Premiere, mo wọ Properties, mo wọ Compatibility, mo tẹ Change high DPI settings, mo máàkì Override tó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, mo sì mú System. Gbogbo rẹ̀ tóbi wá. Ó ń ṣú díẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn gbàgbé jígí sílé, ṣùgbọ́n mo lè kà á. Ẹni tó bá ń ra ẹ̀rọ nítorí CS6, kó ra èyí tí ojú rẹ̀ kò ju 1080p lọ, yóò bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí.

Káàdì NVIDIA mi ńkọ́? CS6 ò mọ̀ ọ́n rí. Fáìlì kékeré kan wà nínú fódà Premiere tó ń jẹ́ cuda_supported_cards.txt. Orúkọ àwọn káàdì tí wọ́n mọ̀ láyé ìgbà náà ló wà nínú rẹ̀, káàdì tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, àlejò ni. GPUSniffer.exe wà nínú fódà kan náà, òun ló máa sọ orúkọ tí ẹ ó kọ. Ó ya mí lẹ́nu pé Intel ló kọ́kọ́ dárúkọ fún mi, nítorí pé káàdì méjì ló wà nínú láptọ́ọ̀pù náà, èyí tí kò lágbára ló sì ń gbé CS6. Mo lọ sí NVIDIA Control Panel, mo ní kó máa lo èyí tó lágbára fún Premiere. Mo wá ṣí Notepad gẹ́gẹ́ bí administrator, mo kọ orúkọ káàdì mi sí ìlà tó gbẹ̀yìn, mo séèfù. Nígbà tí mo padà dé Project Settings, GPU Acceleration, èyí tí káàdì fi ń bá Premiere gbé iṣẹ́, ti wà níbẹ̀ fún mi láti mú. Àwọ̀ tí mo fi sórí fútéèjì kò mú un wọ́ mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo iṣẹ́ yìí, mo sì rò pé òun ló níye lórí jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe.

Wàyí o, fídíò tí wọ́n fi fóònù yà. Bí ẹ bá fẹ́ fi CS6 ṣe iṣẹ́ òde òní, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ìgbéyàwó kan bọ́ sí àárín iṣẹ́ Màmá, àbúrò ìyàwó sì kó fídíò fóònù rẹ̀ wá fún mi, ó ní kí n fi kún un. Ìdajì wọn ò wọlé rárá, nítorí HEVC ni wọ́n, irú èyí tí iPhone ń yà láti ìgbà iOS 11 lọ́dún 2017, CS6 ò sì gbédè yẹn. Àwọn tó wọlé láti ara Android ló tún burú jù, nítorí wọ́n ń tanni jẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohùn àti ẹnu bára mu. Nígbà tí bàbá ìyàwó fi máa gbàdúrà débì kan, àwọn èèyàn ti ń ṣe àmín kí bàbá tó la ẹnu. Fóònù kì í ya iye férémù (ẹyọ àwòrán) kan náà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ó ń dín in, ó ń fi kún un bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe rí, CS6 sì gbà pé iye kan náà ni látòkèdélẹ̀. Ibẹ̀ ni ohùn ti ń sá fún àwòrán.

HandBrake ló gbà mí, sọ́fítíwíà tó ń yí irú fáìlì fídíò padà, ọ̀fẹ́ ni. Mo fi gbogbo fáìlì fóònù sínú rẹ̀, mo mú H.264, irú fídíò tí CS6 gbọ́, mo kọ 25 síbi Framerate nítorí PAL ni kámẹ́rà tèmi, ìyẹn férémù 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, mo sì mú Constant Framerate. Ọ̀rọ̀ Constant yẹn ni gbogbo ẹ̀. Fídíò wákàtí kan ń gbà tó ìṣẹ́jú 25 lórí ẹ̀rọ mi, ẹ sì mọ bí iná ìlú yìí ṣe rí. Nísinsìnyí, kí òde tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ àwọn ẹbí tó ní iPhone pé kí wọ́n wọ Settings, Camera, Formats, kí wọ́n mú Most Compatible. Àwọn kan ń ṣe é. Àwọn kan ń wò mí bíi pé mo fẹ́ wo ìgbà tí wọ́n kẹ́yìn pe ọ̀rẹ́kùnrin wọn.

Ẹ ó rí i tí wọ́n ní kí ẹ gbé QuickTime, sọ́fítíwíà fídíò ti Apple, sórí Windows kí àwọn fáìlì MOV lè wọlé. Mi ò ṣe é. Apple ti dẹ́kun àtúnṣe rẹ̀ lórí Windows láti 2016, tòun ti ihò tí àwọn ọ̀daràn lè gbà wọlé. HandBrake kan náà ni mo ń jù wọ́n sí. Ní ti kásẹ́ẹ̀tì MiniDV, kọ̀ǹpútà tábìlì mi tó ní FireWire (ihò tí wáyà kámẹ́rà kásẹ́ẹ̀tì ń wọ̀) àti Windows 7 ṣì wà ní kọ̀rọ̀ fún ìyẹn nìkan.

Ẹ jẹ́ ká padà sí òkú 2013. Mo ṣí prójẹ́ẹ̀tì náà, gbogbo táímláìnì pupa fòò: Media Offline. Oríṣiríṣi èdè ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀, Yorùbá kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó yé mi. Drive tó ń jẹ́ D lórí ẹ̀rọ àtijọ́ ló ti di E lórí tuntun. Mo fi ọwọ́ tọ́ka fáìlì kan ṣoṣo fún un, ó wá àwọn yòókù rí fúnra rẹ̀ torí inú fódà kan náà ni wọ́n wà. MTS, irú fáìlì tí kámẹ́rà fídíò ń kọ, ni gbogbo fútéèjì náà, ó ń lọ bí omi, ó yá ju bó ṣe ń lọ lórí ẹ̀rọ tí mo fi ṣe é ní 2013. Àkọlé nìkan ló dà mí láàmú. Fọ́ńtì tí mo lò ń ju àmì ohùn orí ọ́ àti ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bó ṣe wà láti ìgbà yẹn nìyẹn, ojú ló ti mí pé mo kọ orúkọ olóòkú báyẹn tí mo sì gbowó. Mo fi fọ́ńtì Charis SIL tún un kọ níta, mo gbé e wọlé gẹ́gẹ́ bíi PNG.

Tí ẹ bá bi mí, ẹni tó ní páálí CS6 rẹ̀, tó ní iṣẹ́ àtijọ́ nílẹ̀, tó ń fi kámẹ́rà gidi yà, kó gbé e lọ sórí Windows 11 láìbẹ̀rù, kó sì sọ Auto Save di ìṣẹ́jú 5. Ẹni tó jẹ́ pé fóònù ló ń kó wá fún un, kó má dá ara rẹ̀ lágara. DaVinci Resolve, sọ́fítíwíà éditì míràn, wà lọ́fẹ̀ẹ́, bí RAM rẹ̀ bá ti tó 16GB. Kó sì rántí pé prójẹ́ẹ̀tì CS6 ń ṣí nínú Premiere tuntun, èyí tí Premiere tuntun bá ṣe kì í ṣí nínú CS6.

Láptọ́ọ̀pù náà kò ní ojú tí wọ́n ń ti awo bọ̀, mo yá ẹ̀rọ DVD tí à ń fi wáyà USB so mọ́ ọn, Encore sì kọ awo mẹ́ta náà láìwúkọ́. Màmá wá gbà wọ́n pẹ̀lú ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà gbé awo kan, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Màmá, ibo la ó ti bọ̀ ọ́?"

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ DVD gbẹ̀yìn nílé wọn. Mo tún ṣí CS6, mo tẹ Ctrl+M, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ sí MP4 fún fláàṣì. Bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, mo ṣí èyí tó wà nínú awo fún Màmá lórí tẹlifíṣàn ṣọ́ọ̀bù. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó ń fìka tọ́ka sí àwọn tó ń jó, ó ń sọ èyí tó ṣì wà àti èyí tó ti lọ.