Kọ́ọ̀sì tí mo ṣe lórí owó òkèèrè àtàwọn oníṣòwò ìlú

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó dá lórí ohun tí owó àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè ń ṣe fáwọn tó ń dá òwò sílẹ̀ nílùú tí owó náà wọ̀, ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Apá kejì ló dùn mọ́ mi jù. Wọ́n sọ ti Bangladesh: ní ìparí àwọn ọdún 1970, ilé iṣẹ́ Daewoo láti South Korea bá Desh, ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Bangladesh, ṣe àdéhùn, Desh wá kó òṣìṣẹ́ 130 lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní Kòríà, nígbà tí wọ́n padà dé, díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi Desh sílẹ̀, òmíì dá ilé iṣẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀, òmíì lọ bá ẹlòmíì tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wo fídíò yẹn!

Apá ìkẹyìn ló bí mi nínú. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ àwọn tí ilé iṣẹ́ ńlá ń tì kúrò lọ́jà, bí wọ́n ṣe ń fi owó oṣù gidi kó àwọn òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ lọ, ká má tíì sọ àwọn tó ń kó gbogbo èlò wọn wọlé láti òkèèrè tí wọn ò ra abẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́ ará ìlú. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, kò yẹ kí wọ́n sáré kọjá lórí ẹ̀. Mo kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò fèsì. Síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá òwò sílẹ̀, ẹ ṣe kọ́ọ̀sì náà, apá kejì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.