Eisteddfod ilẹ̀ Wales: ọjọ́ Jímọ̀ ni kí ẹ lọ

Àjọ̀dún ewì, orin àti àṣà ilẹ̀ Wales ni Eisteddfod; ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ni wọ́n máa ń ṣe é. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré lẹ rí, ẹ mú Jímọ̀, ọjọ́ Àga, tí wọ́n máa ń fi àga dá akéwì tó borí lọ́lá. Òfin cynghanedd ni ewì ibẹ̀ ń tẹ̀ lé: kọ́ńsónáǹtì apá kìíní ìlà sábà máa ń tún jáde lẹ́sẹẹsẹ ní apá kejì. Ó le gan-an! Bí ewì kankan ò bá kúnjú òṣùwọ̀n, wọn ò ní fún ẹnikẹ́ni ní àga, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìnagijẹ ni wọ́n fi ń díje, nítorí náà èrò ìwòran kì í mọ ẹni tó borí títí fèrè á fi dún, tí olúwarẹ̀ á dìde láàárín wọn. Èdè Welsh ni gbogbo rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀rọ ògbufọ̀ kí ẹ tó jókòó.