Gbèsè Ilé NHF Lẹ́yìn Ọdún Mẹ́rin: Ṣé Ó Sàn Ju Ilé Àyágbé Lọ?

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni wọ́n kọ́kọ́ yọ ₦71,643 nínú owó oṣù mi nítorí ilé tí mo fi gbèsè rà lọ́nà Mọníyà, ní ẹ̀yìn Ìbàdàn. Ní ọdún yẹn kan náà, ₦350,000 péré ni mò ń san lọ́dún fún ilé oníyàrá mẹ́ta tí mo gbà ní Akóbọ̀. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé mo fi ẹsẹ̀ ara mi kúrò níbi tí wọ́n ti ń gba ₦350,000 lọ́wọ́ mi, mo lọ síbi tí wọn yóò ti máa gba ohun tó lé ní ₦859,000 lọ́dọọdún fún ogún ọdún gbáko. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní Géètì, tó sì ti ń gbé ilé onílé láti ọdún 1998, wò mí títí, ó ní, "Àbúrò, ta ló ṣe ọ́?"

Ọdún mẹ́rin ti kọjá. Mo fẹ́ ṣe àyẹ̀wò gbèsè náà gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe àyẹ̀wò ọjà yòówù tí a fi owó ara wa rà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń bi mí léèrè ni wọ́n rò pé gbogbo mọ́géèjì, ìyẹn gbèsè tí a fi ilé fúnra rẹ̀ dógò fún, ló rí bákan náà.

Ọdún 1992 ni òfin dá àpò owó ilé tí a ń pè ní NHF (National Housing Fund) sílẹ̀, Federal Mortgage Bank of Nigeria ló sì ń mójú tó o. Òṣìṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ń dá ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó lè béèrè owó láti ra ilé tàbí láti kọ́ ọ, pẹ̀lú èlé ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, kí ó sì máa dá a padà fún iye ọdún tó lè tó 30, bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá gbà á, nítorí pé gbèsè náà gbọ́dọ̀ tán kí ó tó pé ẹni ọgọ́ta ọdún tàbí kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni ọdún 38 ni mí nígbà náà, ìdí nìyẹn tí mo fi dúró lórí ogún ọdún. ₦15 mílíọ̀nù ni iye tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n lè yá ẹnì kan lákòókò yẹn. Ó ti di ₦50 mílíọ̀nù báyìí. A kì í sì í lọ bá báńkì àgbà náà fúnra rẹ̀. Báńkì mọ́géèjì kékeré kan ni yóò dúró láàárín, ibẹ̀ gan-an sì ni ojú mi ti rí màbo.

N kò ní dárúkọ báńkì tí mo lò. Oṣù kìíní ọdún 2020 ni mo kó ìwé mi fún wọn, oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni owó sì tó jáde. Lóòótọ́, àrùn Kòrónà ti ọ́fíìsì pa fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n Kòrónà kọ́ ló sọ fáìlì mi nù, Kòrónà kọ́ ló sì jẹ́ kí ìwé tí àwọn adíyelé kọ lórí ilé náà pẹ́ lórí tábìlì títí wọ́n fi ní ó ti gbó, pé kí n lọ san owó òmíràn. Ní ọjọ́ kan tí mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí, ọmọbìnrin tó jókòó nídìí fáìlì ṣí i, ó gbé fọ́tò mi sókè síbi iná, ó ní, "Ẹ má bínú, sà, ẹ wọ jígí nínú fọ́tò yìí. Ẹ lọ ya òmíràn wá." Mo bọ́ jígí ojú mi, mo lọ bá oníkámẹ́rà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, ẹni tó hàn gbangba pé jígí ojú àwa oníbàárà ló ń jẹ. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, ṣùgbọ́n owó gidi ni ìdádúró yìí ná mi: ₦9.8 mílíọ̀nù ni ẹni tó ni ilé náà ń béèrè nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ₦11.2 mílíọ̀nù ni mo sì padà rà á. Mo mú ₦1.2 mílíọ̀nù sílẹ̀ láti inú àjọ àti owó kópọ́rétífù, wọ́n yá mi ní ₦10 mílíọ̀nù. Owó agbẹjọ́rò, owó ìdíyelé lẹ́ẹ̀mejì, owó ìbánigbófò àti owó àṣẹ gómìnà, èyí tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sọ di dandan kí a tó lè fi ilé dógò, tún gba bíi ₦780,000 lọ́wọ́ mi.

Mo gbọ́dọ̀ yìn wọ́n níbì kan o. Agbẹjọ́rò wọn tú ìwé ilẹ̀ náà wò débi pé ó rí àṣìṣe nínú nọ́ńbà òpó ilẹ̀ tí sọ̀fíyọ̀ kọ, wọn kò sì gbà kí owó jáde títí wọ́n fi tún un ṣe. Ẹni tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ rí, tó ti ra ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, yóò mọ iye tí irú ìfọkànbalẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò sí lọ́dọ̀ mi. Inú àpótí báńkì ló wà, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí n ó fi san kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ èlé ni ó yẹ kí ẹni tó ń ronú mọ́géèjì fara balẹ̀ yẹ̀ wò. Nínú ₦71,643 àkọ́kọ́ tí wọ́n yọ, ₦50,000 jẹ́ èlé, ₦21,643 nìkan ló wọ inú ojú owó. Ó di ọdún kẹtàlá kí ojú owó tó kù tó dín sí ìdajì. Nígbà tí ogún ọdún bá pé, n ó ti san bíi ₦17.2 mílíọ̀nù lórí ₦10 mílíọ̀nù. Èyí le, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, báńkì àpapọ̀ CBN gbé òṣùwọ̀n èlé orílẹ̀-èdè, èyí tí àwọn báńkì ń wò kí wọ́n tó dá èlé tiwọn, dé ìdá 27.5. Ká tilẹ̀ ní a rí báńkì olówò kan tó ṣàánú wa, tó gba ìdá 24: ₦10 mílíọ̀nù kan náà fún ogún ọdún yóò di bíi ₦201,740 lóṣù, nínú èyí tí ₦200,000 yóò jẹ́ èlé ní oṣù àkọ́kọ́. ₦1,740, owó búrẹ́dì kan, ni yóò kù tí yóò wọ inú ilé. Ẹni tó bá ń san irú owó yẹn ṣì jẹ́ ayálégbé, báńkì ló kàn di onílé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì tún ń tún òrùlé ṣe. N kò ní gba ọ̀tá mi nímọ̀ràn láti gbà á. Ètò owó ilé MREIF (MOFI Real Estate Investment Fund) tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde láìpẹ́ yìí, tí èlé tirẹ̀ jẹ́ ìdá 9.75, wà láàárín méjèèjì: yóò jẹ́ bíi ₦94,850 lóṣù, ó sì ṣeé rò.

Ohun tó yí ìṣirò mi padà dé láìròtẹ́lẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tú náírà sílẹ̀, gbogbo nǹkan sì gbówó lórí. Nígbà tí oṣù kejìlá ọdún 2024 fi máa dé, òṣùwọ̀n ọ̀wọ́n gógó ti wọ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé tí mo fi sílẹ̀ ní Akóbọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gbà á lẹ́yìn mi di ₦500,000, ó di ₦800,000, ó sì di ₦1.1 mílíọ̀nù lọ́dún yìí, láìsí pé onílé kun ògiri kan. Ní gbogbo àkókò náà, ₦71,643 ni wọ́n ń yọ lára owó oṣù mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí mò ń gbà. Pẹ̀lú àfikún owó oṣù tí ìjọba ṣe, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún mọ́. Ọ̀wọ́n gógó tó ń fìyà jẹ ayálégbé ló ń bá mi san gbèsè.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n fi apá kan pamọ́. Ní òjò àkọ́kọ́ tí a rí nínú ilé náà, omi gba ẹ̀gbẹ́ òrùlé wọ yàrá àwọn ọmọ. Mo gbé fóònù, mo fẹ́ pe Alhájì onílé mi àtijọ́ kí n tó rántí. Káfíńtà tó wá wò ó béèrè pé, "Onílé ńkọ́, sà? Ẹ bá mi pè wọ́n, kí n bá wọn dúnàádúrà." Mo ní èmi ni. Ó wo bàtà mi, ó sì fi ₦20,000 lé owó iṣẹ́ rẹ̀. Òrùlé, kànga ẹ̀rọ, òpó iná tí àdúgbò dáwó rà, gbogbo rẹ̀ ti ná mi ní bíi ₦1.6 mílíọ̀nù, kí a má tíì sọ ti owó ọkọ̀ láti Mọníyà dé ibi iṣẹ́. Ká ní owó ilé kò fò bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni ì bá jàre.

Ètò yìí kò sì wà fún gbogbo ènìyàn. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jẹ́ ₦80,000. Wọn kì í yọ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, nítorí náà ẹni tó ń gba iye yẹn kò lè yá ju bíi ₦3.7 mílíọ̀nù lọ fún ogún ọdún, owó tí kò lè ra ilé kankan ní Ìbàdàn lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ilé mi báyìí yóò nílò gbèsè ₦25 mílíọ̀nù, èyí tó jẹ́ bíi ₦179,100 lóṣù. Bí a bá ṣírò rẹ̀ fún ọdún kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì owó ilé Akóbọ̀, gẹ́gẹ́ bí tèmi náà ti ju ìlọ́po méjì lọ ní 2021. Bí èlé rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 6, tí ọdún iṣẹ́ tó kù sì pọ̀, mo ní kí ó gbà á. Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mo fún gbèsè náà ní mẹ́rin, mo fún báńkì tó bá mi ṣe é ní ẹyọ kan.

Ní oṣù tó kọjá, onílé ẹ̀gbọ́n mi fi ìwé àfikún ránṣẹ́ sí i. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń sọ pé owó tí òun bá fi sí páàtì ń yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, pé kí ni òun fẹ́ fi ri í mọ́ inú bíríkì, n kò sì lè já a nírọ́, nítorí pé ọjà náà ló fi rán ọmọ mẹ́rin níléèwé. Lọ́jọ́ yẹn ó jókòó sí pálọ̀ mi, ó ní, "Báńkì wo lo ní o lọ yẹn?" Mo mú bébà, mo ṣírò rẹ̀ fún un. Ó ti pé ẹni ọdún 55. Ọdún márùn-ún péré ni wọ́n lè fún un, ₦10 mílíọ̀nù fún ọdún márùn-ún sì jẹ́ ₦193,328 lóṣù. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká bébà náà sápò, ó sì ní bí mo bá mọ ajẹ́ńtì gidi kan ní agbègbè Mọníyà, kí n fún òun ní nọ́ńbà rẹ̀.