Lọ́fínńdà Fínfín àti Òróró Àfipara: Èwo Ni Kí Ẹ Náwó Lé?

Ọdún mẹ́jọ gbáko ni mo fi fín lọ́fínńdà tó máa ń ṣáájú mi wọ yàrá àwọn tíṣà. Iyì ni mo kà á sí, àfi lọ́jọ́ tí tíṣà kan tó ní ikọ́ fée dìde nítòsí mi, ó lọ ṣí fèrèsé, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, tiyín yìí kì í jẹ́ kí n rí èémí mí." Kò fi ṣe ìjà rárá. Ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́fínńdà tó jẹ́ pé ẹni tó bá sún mọ́ mi nìkan ló máa gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọdún karùn-ún rèé. Mo ti náwó sí ọ̀nà méjèèjì, mo sì ti ṣòfò, nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ jẹ́ ká gbé méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí òórùn ṣe ń rìn. Spírítì ló ń gbé lọ́fínńdà fínfín. Bó bá ti kan ara, á gbẹ kíá, á sì kó òórùn náà dání bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìn dánfó fi máa ń mọ̀ pé ẹ ti wọlé níwájú. Òróró kò ní ohun tó ń gbé e sókè bẹ́ẹ̀. Ooru ara yín ló ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá ibi tí ọwọ́ tó. Ẹni tó dì mọ́ yín, ọmọ tẹ́ ẹ pọ̀n, ẹni tí ẹ jọ ń sùn: àwọn ló ni ín. Òrí àti osùn tí wọ́n fi ń kun ìyàwó nílé wa láyé àtijọ́, ara ni wọ́n ń bá gbé, wọn kì í jáde lọ kí aládùúgbò. Mo fẹ́ràn èyí gan-an ni. Ó dà bí ọ̀rọ̀ tí a sọ sí ẹnì kan létí.

Ní ti bó ṣe ń pẹ́ tó, ọwọ́ ohun tí wọ́n fi ṣe é ló wà. Òróró lẹ́mọ́ọ̀nù àti òroǹbó á ti lọ kí wákàtí kan tó pé. Ti igi, bíi sandalwood àti úùdù, lè dọjọ́ kejì. Ẹ fi òrí díẹ̀ para kẹ́ ẹ tó fi í lé e, pàápàá nígbà ọyẹ́, torí ara tó gbẹ kì í di òórùn mú.

Ní ti aṣọ, fínfín ló borí. Òróró kò gbọdọ̀ kan aṣọ funfun, ojúlówó ni o, ayédèrú ni o.

Ní ti ẹ̀sìn, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ń yan òróró torí pé kò sí ọtí nínú rẹ̀.

Ibi tí owó mi ti sọnù rèé, ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ dáadáa: kí ló wà nínú ìgò yẹn gan-an? Nígbà tí àbúrò mi fẹ́ ṣègbéyàwó, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan l'Ékòó, mo ra tólà kan. Tólà ni wọ́n fi ń wọn òróró lọ́fínńdà, nǹkan bíi mílílítà 12 ni. ₦45,000 ni mo san. Ẹni tó tà á fún mi ní sandalwood láti Íńdíà ni, kò lábùlà. Ó fi kan ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ó ta sánsán, mo kówó sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìnáwó, mo fi í sí ọrùn àti ọwọ́, mo wọ bùbá léèsì funfun lé e. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé, òórùn náà ti pòórá. Òróró lásán ló kù lọ́rùn mi, ó sì ti gba ọrùn bùbá náà yí po. Ẹ̀ẹ̀mejì ni alágbàfọ̀ fọ̀ ọ́. Nígbà tó gbé e padà wá, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òróró tí wọ́n fi ń dín nǹkan ló dà sí i ni?" Mo gbé ìgò náà padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ọjà tí a bá ti ṣí, wọn kì í gbà á padà. Bùbá yẹn ṣì wà nínú àpótí mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n níbi ọrùn.

Mo wá jókòó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní Kannauj, ìlú kan ní àríwá Íńdíà, wọ́n ń se òdòdó pẹ̀lú omi nínú ìkòkò bàbà ńlá, wọ́n á fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀ pa, wọ́n á fi ọ̀pá oparun gbé ooru omi náà lọ sínú ìkòkò mìíràn tó wà nínú omi tútù. Nínú ìkòkò kejì yẹn, òróró sandalwood ló ń dúró de òórùn náà láti gbé e mì. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní attar. Amọ̀ tí wọ́n ti yan pàápàá ni wọ́n ń sè bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè rí òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Mo ní ìyẹn, mo máa ń fi í sára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n sandalwood ti wọ́n ju tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló ti ń fi òróró paraffin, tí wọ́n yọ lára epo rọ̀bì, rọ́pò rẹ̀. Kó tó dé ọjà wa, àwọn mìíràn á tún fi òróró ẹ̀pà tàbí oògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní DPG là á.

Kò sí ìdí tí ẹ fi máa gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ kán an sínú omi: DPG á pòórá pátápátá sínú rẹ̀, ojúlówó òróró kì í bómi pò. Ẹ kán an sínú spírítì aláìláwọ̀: ojúlówó á yọ́ sínú rẹ̀, òróró ẹ̀pà àti paraffin á ya sọ́tọ̀ tàbí kó sọ ọ́ di bíi omi ìrẹsì. Èyí tí ì bá yọ mí nìyẹn. Ẹ kán an sórí bébà funfun di ọjọ́ kejì: òróró ẹ̀pà á fi àbàwọ́n tó ń dán sílẹ̀ tí kì í gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ má fi bébà nìkan dá sandalwood lẹ́jọ́, torí òun náà kì í yára gbẹ. Èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé kẹ́ ẹ fi í sára, kẹ́ ẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù náà, kẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ojúlówó máa ń yí padà lára: bó ṣe rí láàárọ̀ kọ́ ló ṣe máa rí lọ́sàn-án. Ayédèrú á máa sọ ohun kan náà títí táá fi dákẹ́.

Owó pàápàá ń sọ̀rọ̀. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta sí márùn-ún òdòdó róòsì ló ń lọ fún kílógíráàmù kan òróró rẹ̀, nítorí náà róòsì ₦2,000 kì í ṣe róòsì. Úùdù ń wá láti ara igi Aquilaria tí olú ti kọlù nínú, tó wá sun oje dúdú láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọdún 1995 ni CITES, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dáàbò bo igi àti ẹranko, ti ń ṣọ́ òwò Aquilaria malaccensis, ọ̀kan lára irú igi náà, kí wọ́n má baà gé e tán. Ní ti mísìkì, ara akọ àgbọ̀nrín kan ní Éṣíà ni ojúlówó ti ń wá, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Àtọwọ́dá ni tiwa, iṣẹ́ tó ti wà láti ọdún 1888 nígbà tí Albert Baur ará Jámánì bá a pàdé níbi tó ti ń wá ohun abúgbàù. Kò burú, mo ní in nílé. Ẹ má kàn san owó igi tàbí ti ẹranko lé e lórí.

Ohun kan tí àwọn olóróró kì í sọ: ohun tó ti inú igi wá náà lè pa ara lára. Òróró bergamot (èso kan tó jọ ọsàn) àti ti ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fún láti ara èèpo lè sun ara tàbí kó sọ ibẹ̀ di dúdú bí oòrùn bá pa á. Ẹ fi díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá, kẹ́ ẹ wò ó di ọjọ́ kejì.

Èwo wá ni kẹ́ ẹ rà? Bó bá jẹ́ òde ìta gbangba lẹ máa ń lọ jù, tàbí ẹ ò ní sùúrù láti dán nǹkan wò, fínfín á ṣe yín lóore: ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ rà, aṣọ yín ò sì ní bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni kẹ́ ẹ fín in, kì í ṣe mẹ́fà. Bó bá jẹ́ ọ́fíìsì, kíláàsì, ọkọ̀ èrò tàbí ilé aláìsàn lẹ ti ń lo ọjọ́ yín, tí ẹ sì fẹ́ kí òórùn yín jẹ́ ti àwọn tó fẹ́ràn yín, òróró ni. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tólà bíi tèmi. Ẹ ra mílílítà mẹ́ta, kẹ́ ẹ fi ìgò rẹ̀ sínú òkùnkùn, kì í ṣe iwájú mọ́tò.

Sandalwood tí mo wá padà rà lẹ́yìn náà ti lé lọ́dún kan, kò tíì dé ìdajì. Kíkán kan lẹ́yìn etí kọ̀ọ̀kan ti tó. Tíṣà tó ṣí fèrèsé yẹn, ẹ̀gbẹ́ mi ló ń jókòó sí báyìí.