Ajá ọdẹ Jámánì nínú ilé ọlọ́mọ: imú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá iṣẹ́ fún

Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Jámánì ló dá German Shorthaired Pointer, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní GSP, sílẹ̀ ní sẹ́ńtúrì 19, torí pé wọn ò fẹ́ máa bọ́ ajá mẹ́ta fún iṣẹ́ mẹ́ta. Ajá kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́, tí yóò wá ẹyẹ rí ní pápá, tí yóò dúró gbọn-in tọ́ka sí i, tí yóò lúwẹ̀ẹ́ lọ gbé pẹ́pẹ́yẹ tí ìbọn bà, tí yóò sì tọ ipasẹ̀ ẹran tó fara gbọgbẹ́ wọgbó. Wọ́n rí i. Gbogbo iṣẹ́ yẹn ṣì wà lára rẹ̀ títí dòní, bóyá ìbọn wà nílé yín tàbí kò sí.

Fún ilé tí àwọn ọmọ ti dàgbà díẹ̀, tí àgbà kan sì ń ráyè jáde láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, a fọwọ́ sọ̀yà fún un. Ó fẹ́ràn èèyàn, ó tètè ń gbọ́ ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ yín ló sì máa ń sùn sí. Bó bá jẹ́ pé aago méje àárọ̀ ni gbogbo ilé ń jáde, tó di aago mẹ́fà kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Akọ ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 58 sí 64 ní èjìká, ó sì ń wọn kìlò 25 sí 32. Bí ó bá fi ayọ̀ sáré pàdé ọmọ ọdún méjì, ọmọ náà á ṣubú ni.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé eré sísá nìkan ni wọ́n ń fún un. Wọ́n á bá a sá kìlómítà mẹ́wàá láràárọ̀ kí ó lè rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti le sí i, kìlómítà mẹ́wàá ò ní já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀, á sì padà wálé wá fa tìmùtìmù ya. Ẹsẹ̀ ló ṣiṣẹ́, imú ò ṣiṣẹ́. Àgbà ajá nílò nǹkan bíi wákàtí méjì lóòjọ́, ṣùgbọ́n ogún ìṣẹ́jú nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti imú.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ so ajá síbi tí kò ti ní rí yín. Ẹ bu ìdajì oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀, ẹ fọ́n ọn ká inú koríko tó fẹ̀ tó yàrá kan. Ẹ mú un gba ìhà tí atẹ́gùn á ti máa fẹ́ òórùn náà bọ̀ wá pàdé imú rẹ̀, kí ẹ tú u, kí ẹ sì ní "Wá a!" Orí á lọ sílẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ èémí rẹ̀ fùù fùù bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, kò sì ní wo ojú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ àlòkù kan rọ́pò oúnjẹ, kí ẹ máa fi í pamọ́. Bí ó bá gbórí sókè tó ń wò yín, ó ti le jù fún un. Ẹ gbé ìbọ̀sẹ̀ náà sún mọ́ ọn.

Bí ẹyẹlé bá bà sínú ọgbà, ẹ ó rí ohun tí wọ́n torí ẹ̀ sìn ín: ẹsẹ̀ iwájú kan á ká sókè, ọrùn á nà tàntàn, awọ itan á máa gbọ̀n. Kí ọmọdé kankan má fà á nígbà náà. Ẹ fọwọ́ kan ìhà rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ tó pè é kúrò.

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ṣùgbọ́n ti ajá yìí kì í ṣe kádàrá: bí imú rẹ̀ bá ti ṣí, etí á dí. Ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta ṣókí, kí ẹ fún un ní ẹran adìẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́ nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó lò ó níta. Níta, okùn mítà mẹ́wàá ni kí ẹ fi mú un, kí ẹ so ó mọ́ bẹ́líìtì àyà, kì í ṣe mọ́ ọrùn. Ẹ má fọn fèrè nígbà tí ó ti ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ lọ; gbogbo ìgbà tí ó bá kọ̀ ọ́ ni fèrè ń dín kù lójú rẹ̀. Fẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.8, kí wáyà sì wà lábẹ́ ilẹ̀, torí ó ń fò, ó sì ń gbẹ́lẹ̀.

Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló dára, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ńlá, kí ó sì sinmi fún wákàtí kan ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Àyà rẹ̀ jìn, inú irú wọn lè wú kó sì lọ́. Bí ikùn bá le, tó ń gbìyànjú àtibì tí nǹkan kan ò jáde, ilé dókítà ẹranko ni kí ẹ sáré gbà lójú ẹsẹ̀, torí láàárín wákàtí díẹ̀ ló ń pa ajá. Ẹ má fún un ní ìyókù ọbẹ̀ ata: àlùbọ́sà inú rẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìẹ tí a ti sè náà ń fọ́ ṣóńṣó, ó lè gún ìfun.

Irun rẹ̀ kúkúrú, ṣùgbọ́n ó ń já, ó sì ń gún mọ́ àga bí abẹ́rẹ́. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó láti fi kó o.

Fún àwọn tó fẹ́ sìn ín ní Nàìjíríà: irun kúkúrú yẹn jẹ́ kó lè fara da ooru ju Alsatian lọ, àmọ́ kó má sáré lọ́sàn-án gangan. Ẹ máa yẹ abẹ́ etí àti àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò fún eégbọn lójoojúmọ́, kí ẹ sì gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un. Àṣà kí ajá wà nínú àgò látàárọ̀ ká tó tú u lálẹ́ kó máa ṣọ́lé ò bá a mu rárá. Á máa gbó láìdákẹ́, á sì máa jẹ irin.

Tí ẹ bá ń rà á, ẹ rí ìyá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, kí ẹ má sì gba ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò egungun ìdí àwọn òbí méjèèjì. Bí ẹni tó ń tà á kò bá bi yín léèrè iye wákàtí tí ilé yín fi ń ṣófo, ẹ wá ẹlòmíràn lọ.