Àgbéyẹ̀wò ẹ̀rọ Downs, èyí tí a fi ń fa sódíọ̀mù jáde láti inú iyọ̀ yíyọ́

A kò lè fi iná mànàmáná fa sódíọ̀mù, mẹ́táàlì tó wà nínú iyọ̀, jáde láti inú omi iyọ̀, nítorí haidirójìn ni yóò jáde dípò rẹ̀. Iyọ̀ gbígbẹ ni a ní láti yọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í yọ́ títí ooru yóò fi dé 801°C, sódíọ̀mù fúnra rẹ̀ sì ń hó ní 883°C. Àlàfo yìí kéré débi pé púpọ̀ nínú sódíọ̀mù náà ni yóò di oru, tí òmíràn yóò sì tún yòrò padà sínú iyọ̀.

Nínú ẹ̀rọ tí James Downs gba ìwé-àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1924, kálísíọ̀mù klóráìdì ni wọ́n ń dà mọ́ iyọ̀, tí ooru nǹkan bí 600°C fi tó láti mú un ṣàn. Ánóòdù (òpó iná tí klorínì ti ń jáde) tí a fi gíráfáìtì ṣe wà láàárín, káthóòdù (òpó iná tí sódíọ̀mù ti ń jáde) tí a fi irin ṣe yí i ká, àwọ̀n irin sì là wọ́n. Àwọ̀n yìí ni mo kà sí ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù nínú ẹ̀rọ náà: kò dí iná lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí gáàsì klorínì kan sódíọ̀mù, torí bí àwọn méjèèjì bá pàdé, iyọ̀ ni wọn yóò tún dà. Òun náà ló tún ń fa wàhálà jù, nítorí ó máa ń dí, wọn a sì máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà Castner tó ṣáájú rẹ̀, tó ń fi iná tú sódà kọ́sítíìkì (sódíọ̀mù haidirọ́sáìdì) yíyọ́ ká, dà bí ẹni rọrùn, nítorí 318°C péré ni sódà kọ́sítíìkì ń yọ́; ṣùgbọ́n omi ń jáde níbi ánóòdù, ó sì ń jẹ lára sódíọ̀mù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, débi pé ìdajì iná ń ṣòfò.

Ẹ̀rọ Downs náà kò mọ iná ṣọ́. Fóòlítì (ìwọ̀n agbára tó ń ti iná) tó lé díẹ̀ ní 3 ló tó láti tú iyọ̀ ká, àmọ́ nǹkan bíi 7 ló ń gbà. Òótọ́ ni pé iná ìyókù ń di ooru, ooru yìí ló sì ń mú kí iyọ̀ wà ní yíyọ́. Kálísíọ̀mù díẹ̀ a máa bá sódíọ̀mù jáde, sùgbọ́n bí ó bá tutù, kálísíọ̀mù á dì, wọn á sì sẹ́ ẹ kúrò. Fún sódíọ̀mù, mo gbà á tọkàntọkàn. Ẹni tó ń wá pọtásíọ̀mù, mẹ́táàlì mìíràn tó jọ sódíọ̀mù, kò gbọdọ̀ gbára lé e, nítorí pọtásíọ̀mù máa ń yòrò sínú iyọ̀ rẹ̀ tó ti yọ́; oru sódíọ̀mù ni wọ́n fi ń lé e jáde láti inú pọtásíọ̀mù klóráìdì.