GIMP 3.0: ohun èlò tí mo fẹ́ràn, tí kò sì tíì tó fún iṣẹ́ orí bébà

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń fi GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àwòrán tí a sì fi ń tún fọ́tò ṣe, ṣe ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó àti bánà, n kò sì san kọ́bọ̀ fún un rí. Nígbà tí mo sọ láàárín àwa tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ gíráfíìkì pé ẹ̀dà 3.0 ṣì kù díẹ̀ káàtó fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé, ọ̀rẹ́ mi kan ní aláìmoore ni mí, pé ẹni tí wọ́n fún lóúnjẹ ọ̀fẹ́ kò gbọdọ̀ sọ pé iyọ̀ kò tó. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Spencer Kimball àti Peter Mattis ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1995, nígbà tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì California ní Berkeley, gbangba ni iṣẹ́ yìí ti ń dàgbà: ìwé àṣẹ rẹ̀, GPL, fún gbogbo ènìyàn láyè láti lò ó, láti tú u wò àti láti tún un ṣe. Ibi tí a ti ń ṣe é náà ló yẹ kí a ti sọ àléébù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ín. Ẹ̀dà 3.0 jáde ní oṣù kẹta ọdún 2025, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ó pé ọdún méje tí 2.10 ti jáde, ìdúró náà kò sì já sásán. Ní 2.10, bí a bá ti fi fílítà òjìji sí abẹ́ orúkọ olóògbé, òjìji náà ti wọ inú àwòrán lọ. Bí ẹbí bá wá sọ lálẹ́ pé a ṣi orúkọ náà kọ, àtúnṣe ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 3.0, òjìji náà dá dúró, a lè yí orúkọ padà kí òjìji sì tẹ̀ lé e. Ìtura ńlá nìyẹn fún ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ òkú, nítorí iṣẹ́ kánjúkánjú ni.

Àwọ̀ ni ìṣòro mi. Ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta, pupa, ewé àti búlúù, ni kọ̀ǹpútà fi ń gbé àwọ̀ jáde, ṣùgbọ́n aró mẹ́rin (sáyánì, màjẹ́ńtà, yẹ́lò àti dúdú) ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, tí a ń pè ní CMYK. GIMP 3.0 lè fi bí àwọ̀ yóò ti rí lórí bébà hàn wá, ó sì lè kó fáìlì JPEG tàbí TIFF jáde ní CMYK, ṣùgbọ́n a kò lè ṣiṣẹ́ nínú CMYK fúnra rẹ̀. Nítorí náà, dúdú tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ máa ń di àdàlù aró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, mo fi gíláàsì tí ń mú nǹkan tóbi wo ìwé ètò ìsìnkú kan tí mo ṣe: àwọn aró náà ti yẹ̀ díẹ̀ lórí ara wọn, etí lẹ́tà kéékèèké sì ti ní àwọ̀ pupa àti búlúù. Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹni tí ń fi èdè mìíràn kọ̀wé lè má ka ìyẹn sí, ṣùgbọ́n bí àmì bá parẹ́ lára orúkọ Yorùbá, orúkọ mìíràn ni ó dà.

Ọ̀rọ̀ bíríkítí tún wà níbẹ̀. Títí dé 3.0, kò sí irinṣẹ́ tí a lè fi ya òbìrí tààrà. A ní láti kọ́kọ́ yan àyíká rẹ̀, kí a wá inú mẹ́nù lọ ibi tí a ti ń fa ìlà yí i ká, bí ìlà náà bá sì tinrín jù, a óò pa á rẹ́ kí a tún bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń dùn mí nígbà tí ọmọ iṣẹ́ bá bi mí pé irinṣẹ́ òbìrí dà.

Mo mọ̀ pé olùyọ̀ǹda ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ ọ́, wọn kò sì pọ̀, nítorí náà n kò bú ẹnikẹ́ni. Nínú ìròyìn àléébù tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn, mo kọ nọ́ḿbà ẹ̀dà tí mo lò, mo to ìgbésẹ̀ mi ní ẹsẹẹsẹ, mo sì fi àwòrán àwọn àmì tí ó bàjẹ́ náà tì í. Ní báyìí ná, GIMP ni mo fi ń ṣe fọ́tò olóògbé, mo sì ń kó o lọ sínú Scribus, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to ojú ìwé fún ìtẹ̀wé, níbi tí mo ti lè fi aró dúdú nìkan kọ àwọn orúkọ.